Wọ́n Ní Kí A Fi Ẹ̀rọ Sí Àyà Bàbá: Bí Ẹ Ṣe Máa Gbé Ọ̀rọ̀ Náà Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí I

Ahunṣọ ni bàbá wa. Ọdún tí wọ́n ti lò nídìí òfì nínú agboolé wa ní Ìlọrin ju ọjọ́ orí mi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dojú bo aṣọ tí wọ́n ń hun. Kí a tó bu omi dé, wọ́n ti lajú, wọ́n ń bi wá pé kí ló dé tí gbogbo wa fi pé lé àwọn lórí. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàrin oṣù méjì. Àwọn kan ní wàrápá ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ilé ìwòsàn kékeré kan tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ ní ọjọ́ ogbó ni, wọ́n kó fítámì lé wa lọ́wọ́. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó di ọwọ́ Bàbá mú kó ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wá kà á, 34 ló bá nínú ìṣẹ́jú kan.

Ká ní a ti mọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí nígbà náà ni, oṣù méjì ò ní kọjá lórí wa báyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ kà á

Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ aláìsàn, ní ìhà àtàǹpàkò, níbi tí iṣan ti ń lù. Ẹ má fi àtàǹpàkò tiyín ṣe é o, torí òun náà ń lù, á sì dà yín láàmú. Ẹ gbé aago síwájú kí ẹ kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ka ìdajì kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nítorí ọkàn tí ara rẹ̀ ò yá lè lù dáadáa fún ìgbà díẹ̀ kó tó máa fò. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, láàrin 60 sí 100 ni tirẹ̀ sábà máa ń wà. Ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ lè wà ní 50 kí nǹkan kan má ṣe é. Àmọ́ àgbàlagbà tó wà ní 40 tàbí tó kéré sí i, tó tún ń dákú, tí òòyì ń kọ́, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá ti rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má fi oorun òní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè fi ECG, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ọkàn ṣe ń lọ sórí ìwé, wo ọkàn rẹ̀.

Ní ti wàrápá tí wọ́n ń pè é: bí ọkàn bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ, ara lè gbọ̀n, ojú lè yí. Ó jọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ló dúró sábà máa ń jí kíákíá, á mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí wàrápá mú máa ń pẹ́ kí orí rẹ̀ tó pé. Ẹ sọ bó ṣe rí gan-an fún dókítà, ẹ sì mú ẹni tó fojú rí i dání. Èyí tó ṣubú kò lè sọ bí òun ṣe ṣubú.

Ẹ kó gbogbo oògùn sínú ọ̀rá kan

Gbogbo rẹ̀ o, títí dé àgbo inú ìgò àti oògùn ojú. Dókítà da ọ̀rá tiwa sórí tábìlì, ó tú u wò, ó sì mú ìgò kékeré kan tí kò ga ju ìka lọ. Oògùn ojú tí Bàbá ń kán nítorí àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ni, timolol lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá: kí ló kan ojú kan ọkàn? Dókítà ní oògùn tí a kán sójú máa ń gba ihò imú wọnú ẹ̀jẹ̀, irú èyí sì lè fa ọkàn sẹ́yìn. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí orúkọ wọn parí sí “olol”, bí atenolol àti propranolol, lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, àti oògùn ọkàn tó ń jẹ́ digoxin. Àìsàn thyroid, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, lè ṣe é, kíndìnrín tó ti dákẹ́ iṣẹ́ lè ṣe é.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi dókítà nìyí: “Ṣé kò sí ohun tó fà á tí a lè mú kúrò?” Bó bá wà, bóyá ẹ ò ní nílò ẹ̀rọ rárá. Àmọ́ ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín nítorí pé ẹ ka ohun tí mo kọ. Ní tiwa, wọ́n pààrọ̀ oògùn ojú náà, wọ́n fi Bàbá sí wọ́ọ̀dù, a retí. Ó gòkè dé 38, ó dúró síbẹ̀. Wáyà inú ọkàn fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná ọkàn ń gbà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ló ti gbó. Ìgbà náà ni wọ́n ní kí a fi ẹ̀rọ sí i.

Ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń sọ?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Wọ́n á gbọ́ “ẹ̀rọ ọkàn”, wọ́n á rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Èkíní ni pacemaker. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń falẹ̀ tàbí tó ń dúró ni wọ́n ń fi sí. Ó fẹ̀ tó àpótí ìṣáná ṣùgbọ́n kò nípọn tó o. Ó ń gbọ́ ọkàn ní gbogbo ìgbà. Bí ọkàn bá pẹ́ jù kó tó lù, á ta á ní iná kékeré tí ẹni tó ni ín kì í mọ̀ lára. Ó dà bí omele tí kì í jẹ́ kí ìyáàlù sọnù. Ẹni tó ń dákú nítorí ọkàn tó ń falẹ̀ sábà máa ń rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò tuntun mọ́: ọdún 1958 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sínú ara èèyàn, ní Stockholm ní Swídìn. Arne Larsson lorúkọ ọkùnrin náà. Wákàtí mélòó kan péré ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn fi ṣiṣẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀, ó lé ní ogún ẹ̀rọ tó lò láyé, ọdún 2001 ló tó kú, ẹni ọdún 86.

Èkejì ni ICD. Ọkàn tó lè ṣàdédé máa gbọ̀n gìrìgìrì láìgbé ẹ̀jẹ̀ jáde, tó sì lè pa èèyàn láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ni wọ́n ń fi í ṣọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ náà á yin iná ńlá kan lu ọkàn kó lè padà sípò. Àwọn tó ti yìn fún rí ní bí ìgbà tí ẹṣin ta èèyàn nípàá láyà ni. Ọlọ́dẹ àdúgbò ni ICD: ó lè jókòó ọdún mẹ́wàá láì yìnbọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa, torí àwọn dókítà kan kì í sọ ọ́ tó: ọlọ́dẹ kì í tún ilé ṣe. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wú, tó ń mí hẹlẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tó bá gba ICD lásán, bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ náà ni á máa mí. Ikú òjijì ni wọ́n fi ń dènà, kì í ṣe àárẹ̀. Ó sì lè ṣèèṣì yìn nígbà tí kò yẹ.

Ẹ̀kẹta wà, tó ń ta apá méjèèjì ọkàn kí wọ́n lè jọ máa fún pọ̀. Ìyẹn lè dín àárẹ̀ kù fún àwọn tí ECG wọn bá fi hàn pé ó yẹ, ó sì lè ní ICD nínú.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ẹ̀rọ yìí máa ṣe fún mi? Bí mi ò bá fi sí i ńkọ́? Kí ni kò ní ṣe? Ìkẹta yìí ni mo fẹ́ràn jù. Dókítà tó bá dáhùn rẹ̀ láì yẹ ojú, ẹ di ìyẹn mú.

Èwo ló lè dúró, èwo ni kò lè dúró?

Bí wọ́n bá ní iná ọkàn ti já pátápátá láàrin òkè àti ìsàlẹ̀, tí èèyàn sì ń dákú, kò sí àyè à ń lọ à ń bọ̀. Wọ́n lè ki wáyà kan gba ọrùn tàbí itan wọlé, kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ kan lóde ara, kó máa gbé ọkàn ró títí ti gidi á fi dé. Ẹ gbà kí wọ́n ṣe é. Ìyẹn nìkan kò tíì sọ pé ẹ ti gba ti gidi.

ICD tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdènà ní àyè. Ọkàn tó le, nínú ẹ̀jẹ̀ 100 tó bá gbà, 50 sí 70 ló máa ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí ti aláìsàn bá wà ní 35 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi oògùn tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò, torí ọkàn ẹlòmíì máa ń sàn. Ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ tuntun ló ń ká mi lára jù níbí. Ọkàn obìnrin lè wú nígbà tó bá bímọ tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọkàn wọn sì ń padà sípò láàrin oṣù mẹ́fà pẹ̀lú oògùn. Bí wọ́n bá ti ń dárúkọ ẹ̀rọ kí ọmọ tó lè jókòó, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí a kò kọ́kọ́ retí.

Ìpàdé ẹbí: ẹni tó ni àyà ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Èyí gan-an ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Nílé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àǹtí mi láti Ọ̀fà ní kí a ta ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń wá owó lórí fóònù. Bàbá jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ká òwú sọ́wọ́, wọ́n ń tú u. Wákàtí kan kọjá kí ẹnì kankan tó bi wọ́n pé, “Bàbá, kí lẹ ti wí?” Ohun tí wọ́n bi wá ni pé: “Ṣé mo ṣì lè hunṣọ?” Kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè yẹn la gbé padà lọ bá dókítà lọ́jọ́ kejì, òun ló sì yí gbogbo nǹkan padà.

Nítorí pé dókítà dáhùn pé, “Bàbá, ọwọ́ wo lẹ fi ń sọ ọ̀kọ̀ jù?” Wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀rọ náà sí apá òsì. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọwọ́ òsì lèèyàn ń lò jù, wọ́n lè gbé e sí ọ̀tún. Ká ní a ò béèrè, ta ni ìbá rántí? Alágbẹ̀dẹ, ìyá tó ń mọ ìkòkò, ọlọ́kadà, ẹni tó ń fi apá gbé ìbọn ọdẹ lé èjìká: kí oníkálukú sọ ohun tó ń fi apá ṣe. Kí ẹ sì bi aláìsàn ohun tó fẹ́ padà ṣe kí ẹ tó bi í bóyá ó fẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ rìn dé mọ́ṣáláṣí láì ṣubú, èsì tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó ní òun ti ṣe tòun láyé, kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi.

Ní ti àwọn tó ní kí a kọ́kọ́ mu hàntú, omi tí àáfà fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì tó kọ: Bàbá mu ún. Kò ba ECG jẹ́. Kò sì gbé 38 kúrò ní 38.

Owó

Mi ò ní dárúkọ iye kan, torí dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ náà wọlé, iye tí mo bá sì kọ lónìí á ti yí lọ́la. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀rọ, wáyà (ọ̀kan ni àbí méjì?), iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀dì, oògùn, àti iye tí wọ́n máa ń gbà nígbàkígbà tí ẹ bá padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bi wọ́n ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣe é tàbí wọ́n máa kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn, ẹ fi owó ọkọ̀ sí i, kì í ṣe lọ-bọ̀ kan ṣoṣo, torí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ lẹ máa máa gbà lọ yẹ ẹ̀rọ wò fún ìyókù ayé. Ẹni tó ń gbé Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà, kó ka ìyẹn mọ́ ọn. Ẹni tó ní ìwé ìlera ìjọba, kó béèrè ohun tí ó san àti ohun tí kò san kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Owó tiwa, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ìdajì rẹ̀.

Owó mìíràn wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: bátìrì. Bátìrì pacemaker sábà máa ń tó ọdún mẹ́jọ sí méjìlá, ti ICD lè má tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ń tán lọ, ẹ̀rọ á ti fi hàn ní oṣù mélòó kan ṣáájú, bí ẹ bá ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á la ojú ibẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ àpótí rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi wáyà àtijọ́ sílẹ̀.

Wọ́n tún lè fi ẹ̀rọ tí ẹlòmíì ti lò rí, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n pa kòkòrò rẹ̀, lọ̀ yín nítorí owó. Ẹ má bínú, ẹ má sì sáré gbà. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà Kánádà tẹ̀ jáde ní 2020, lórí aláìsàn tó lé ní 1,000 ní Mexico àti àwọn ilẹ̀ ìtòsí rẹ̀, kò rí i pé àkóràn tàbí ikú nítorí àkóràn fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀rọ tuntun lọ. Ẹ bi wọ́n pé ta ló fọ̀ ọ́, ọdún mélòó ló kù nínú bátìrì, àti bóyá wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lè jẹ́ kí wọ́n fi ohun ara òkú sára bàbá òun. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Òkìríkà tó o wọ̀ yẹn, ta ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́?” Níkẹyìn tuntun la rí rà, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé èsì yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Wọn kì í la àyà. Wọ́n á fún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kó kú, aláìsàn lè máa gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n á la awọ díẹ̀ nísàlẹ̀ eegun tó so ọrùn mọ́ èjìká, wọ́n á ki wáyà gba inú iṣan lọ sínú ọkàn, wọ́n ń wò ó lójú x-ray, wọ́n á wá tẹ́ ẹ̀rọ náà sábẹ́ awọ. Wákàtí kan sí méjì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ewu rẹ̀: ẹ̀jẹ̀, wáyà tó yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n fi sí, atẹ́gùn tó wọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, àti àkóràn. Àkóràn ló burú jù, torí bó bá wọ ibẹ̀, wọ́n lè ní láti yọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ ọ́ ṣáájú.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín nílé

“Bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?” Ìyá kan ládùúgbò ló bi mí. Ẹ̀rọ náà kì í gba iná ilé, a kì í sì í ṣáàjì rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀: ẹ lè lò ó, àmọ́ ẹ má fi àyà tì í nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíì máa bá yín fa okùn rẹ̀ tan án, torí okùn náà á fa apá. Wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin pọ̀, gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Fóònù: ẹ fi sí etí kejì, ẹ má fi sínú àpò àyà; sẹ̀ǹtímítà 15 ni kó jìnnà tó.

Àlùwàlá kò kan àyà, kò séwu, àfi pé kí ẹ fi ọwọ́ kejì pa orí. Ìwẹ̀ ọ̀ranyàn ni kí ẹ bi dókítà àti àáfà yín nípa rẹ̀ títí ojú ọgbẹ́ á fi jinná. Kábárà ìrun, ìyẹn gbígbé ọwọ́ sókè: fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí igúnpá ìhà ibẹ̀ má ga ju èjìká lọ, kí wáyà lè fìdí múlẹ̀. Àmọ́ ẹ má so apá mọ́ra bí ẹni tó ṣẹ́ o, torí èjìká á gan. Ẹni tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, kó mú káàdì ẹ̀rọ náà dání, kó fi han àwọn tó ń yẹ ara wò ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó lè gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ wọn kọjá, kó má kàn dúró síbẹ̀. Kí wọ́n má sì fi ọ̀pá tí wọ́n ń lò lé e láyà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ṣe MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ńlá yà, káàdì yẹn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síta.

Bí ẹ bá sọ pé rárá

Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà lójú, ẹ má kàn sá lọ. Ẹ bi í ohun tí wọ́n lè fi oògùn ṣe, bí ìdákú á ṣe máa rí, àti bí ilé á ṣe máa ṣọ́ èèyàn: kí ó má ti ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ látinú, kí ó má gun ọ̀kadà, kí ó má dá nìkan wà nídìí iná. Ẹ sì lè yí èrò padà lọ́la.

Ẹni tó gba ICD náà lè sọ nígbà tó bá yá pé kí wọ́n pa iná tó ń yìn náà, pàápàá bí àìsàn mìíràn bá ti ń gbé e lọ. Wọn kì í la ara fún un, ẹ̀rọ kan lóde ni wọ́n fi ń pa á. Ẹ bá aláìsàn sọ ọ́ nígbà tó ṣì lè dáhùn, kí ẹ̀rọ má baà máa lu ẹni tó ń kú lọ.

Bàbá ló béèrè èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ dókítà, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi kò sì gbà á. “Bí ọjọ́ bá pé, ṣé ohun yìí ò ní dá ẹ̀mí dúró sínú mi?” Dókítà ní rárá, ọkàn tó ti kú kì í gbọ́ iná mọ́. “Ṣé ẹ máa yọ ọ́ kí wọ́n tó sin mí?” Ó ní àwọn tó ń sun òkú ni ọ̀ràn yẹn kan, torí bátìrì lè bú nínú iná; inú ilẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan, wọ́n lè sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà. Ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sídìí òfì, wọ́n ní kí n wá bá àwọn wá ọ̀kọ̀ tó yí sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú.